Ìṣó Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Kò sí ẹni tí kò mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ òyìnbó wà. Àwọn akọ̀wé mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń gbálẹ̀ mọ̀ ọ́n, obìnrin tó ń ta kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo tó jọ ẹ̀kọ, lábẹ́ igi àgbọn níwájú ọ́fíìsì náà mọ̀ ọ́n. Ó wà lórí ìṣó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lábẹ́ akoto Ọ̀gbẹ́ni Pruett. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé bí afẹ́fẹ́ òkun ṣe ń fì í síwá sẹ́yìn lójoojúmọ́, ó ti ha ògiri náà, ó fa ìlà kan tó tẹ̀ bí oṣù tuntun.

Kọ́kọ́rọ́ kan kò lè ṣí àpótí irin ìjọba náà. Méjì ni wọ́n ṣe fún un. Òfin ni pé kí ọ̀kan máa wà lára òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá, kí èkejì máa wà lára akápò, kí ẹnì kan má lè dá fọwọ́ kan owó omi tí àwọn ará Amoakwa ń san. Bí oṣù bá parí, kí àwọn méjèèjì jókòó ti owó náà, kí wọ́n kà á, kí òyìnbó wá fọwọ́ sí i pé ó pé. Ẹni tó ṣe òfin yìí gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ló wà, kò mọ bí ooru ṣe ń mú ní Amoakwa, kò sì mọ̀ pé ìwọ̀ ẹja ni Ọ̀gbẹ́ni Pruett máa ń rò láti òwúrọ̀. Ọ̀sà ló máa ń lọ. Tó bá sì ń lọ, kò fẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ jábọ́ sómi. Bí ìṣó ṣe di òṣìṣẹ́ ìjọba nìyẹn.

Kwamena Essilfie ni akápò. Ọkùnrin gíga ni, ó gbẹ, ẹ̀rín sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ wà lórí okùn tó so mọ́ ìbàdí, òun àti rẹ̀ ni wọ́n jọ ń wẹ̀, àwọn ni wọ́n jọ ń sùn. Araba ìyàwó rẹ̀ a máa sọ fún àwọn aládùúgbò pé, “Orogún kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn. Kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.”

Lọ́dún tí Pruett dé, Kwamena ti sọ̀rọ̀ nípa ìṣó náà. Ọ̀gbẹ́ni Ampiah tó jẹ́ olórí akọ̀wé ló sọ ọ́ fún, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń gbà dé etí òyìnbó.

“Kwamena,” ni Ampiah wí, “ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ òyìnbó bó ṣe máa gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́?”

“Mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní ìṣó ò lójú ni.”

Ampiah rẹ́rìn-ín títí, ó wọlé lọ bá ọ̀gá, ó ní Essilfie ní ọ̀gá kò mọ iṣẹ́. Lọ́dún yẹn, gbogbo ọ́fíìsì gba ẹ̀kúnwó, Kwamena nìkan ni kò gbà. Láti ọjọ́ náà kò jẹ nǹkan lọ́wọ́ Ampiah mọ́. Wọ́n sọmọ lórúkọ nílé Ampiah, kò lọ. “Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá” ti tó láàárín wọn, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn ní kó gbàgbé. Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gan-an, ibà dá Kwamena dùbúlẹ̀. Ọjọ́ owó àwọn lébìrà sì pé. Ampiah fúnra rẹ̀ ló wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, agbòjò ń kán omi lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọ̀gá ní kó o fún mi ní kọ́kọ́rọ́.”

“Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jọ ka owó.”

“Wo ara ẹ. Ò ń gbọ̀n bí ewé. Owó wo lo fẹ́ kà?”

“Ẹ gbé mi débẹ̀.”

“Nínú òjò yìí? Kí n wá gbé òkú ẹ padà fún Araba?”

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí. Araba ló sún mọ́ ọn níkẹyìn, tó tú okùn náà ní ìbàdí rẹ̀, tó nà án sí Ampiah. Kwamena kò ní agbára láti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyẹn náà, kò tíì tán nínú rẹ̀.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, oṣù ti yí. Wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó mú èkejì lórí ìṣó, bí gbogbo ayé ṣe ń mú un, ó ṣí àpótí, ó ka owó. Ó tún un kà. Ogójì pọ́n-ùn kò sí níbẹ̀.

Ó lọ bá Pruett. Òyìnbó náà da ìwọ̀ rẹ̀ sórí tábìlì, ó ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Sà, owó ò pé.”

“Ó pé. Mo fọwọ́ sí i lánàá.”

“Ṣé ẹ kà á, sà?”

Pruett gbójú sókè. Kò bínú. Ó kàn ń wo Kwamena bí ẹni tí ẹ̀fọn ń kùn sí létí. “Essilfie, lánàá ó pé, ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Bó bá dín lónìí, a jẹ́ pé òní ló dín. Lọ́wọ́ ta sì ni kọ́kọ́rọ́ wà lónìí?”

Kwamena wo ìṣó náà. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ó sì jáde. Ó ti yé e. Ẹni tó bá ka owó lẹ́yìn ẹni tó fọwọ́ sí i láìkà á, òun ló jẹ gbèsè.

Ampiah ń dúró dè é lábẹ́ igi àgbọn. Aṣọ dúdú ló wọ̀, nítorí ìyá rẹ̀ kú nígbà tí Kwamena wà lórí àìsàn. Wọ́n ní pósí tí wọ́n gbé wá láti Sekondi dán débi pé èèyàn lè fi wojú, wọ́n fi idẹ ṣe ọwọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Ampiah wí.

Ọjọ́ náà ni Kwamena kọ́kọ́ gbọ́ “ẹ̀gbọ́n” lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

“Mo yá a ni,” ni Ampiah ń sọ. “Yíyá kọ́ ni jíjí.”

“Ta lo yá a lọ́wọ́ ẹ̀? Ìṣó?”

“Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe ń rí níbí. Ṣé mo lè fi ẹní wé ìyá mi ni? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìnáwó ogójì ọjọ́. Ẹbí máa dáwó, ẹgbẹ́ máa dáwó, àwọn ará ọ́fíìsì máa wá. Ọjọ́ kejì ẹ̀ ni màá dá a padà. Ẹ̀gbọ́n, mo fi ìyá mi bẹ̀ yín.”

Ó yẹ kí Kwamena pariwo lọ́jọ́ náà. Ohun tí kò jẹ́ kó pariwo ni pé òótọ́ ni Ampiah ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sin òkú ní Amoakwa. Wọn yóò jẹ gbèsè pósí, wọn yóò jẹ gbèsè ọtí, tó bá wá di ọjọ́ ìnáwó, wọn yóò gbé tábìlì síta, wọn yóò máa ké orúkọ olówó àti iye tó dá, ojú á ti ẹni tó dá kékeré, á tún fi kún un. Kò sí ẹni tí gbèsè pósí pa rí nílùú náà. Kwamena fi ọ̀nà yẹn san gbèsè ìyá tirẹ̀. Ó wá dákẹ́, ó ń retí.

Ọjọ́ mélòó kan kí ìnáwó náà tó pé, ọba ìlú “lọ sí abúlé”. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wí i, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ pé ó kú. Agogo sì yí ìlú po: kò sí ìlù, kò sí ìpéjọ òkú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé tábìlì ìdáwó síta títí ọba yóò fi dé ibi tó ń lọ. Ìdílé méjì sì ń jà sí àga náà, kò sì ní dé ibẹ̀ títí wọ́n á fi yanjú rẹ̀. Ó lè tó ọdún kan. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ampiah jókòó sórí gbòǹgbò igi àgbọn, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ọkùnrin yìí ò ṣe mí lóore kan nígbà tó wà láyé,” ló wí. “Ẹ wo ibi tó ti wá ṣe mí báyìí.”

Obìnrin oníkẹ́ńkè ní, “Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ yín. Abúlé ló lọ.”

Oṣù parí, Kwamena ní, “Sà, owó ò pé.” Pruett fọwọ́ sí i pé ó pé. Oṣù míì parí, ó tún sọ bẹ́ẹ̀, Pruett tún fọwọ́ sí i. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó rẹ Kwamena, kò sọ nǹkan kan mọ́.

Ìgbà náà ni òyìnbó tó máa ń yẹ ìwé owó ìjọba wò dé láti Ákrà. Ìròyìn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀ lálẹ́ àná, bí ìròyìn ṣe ń ṣe. Hallam ni wọ́n ń pè é. Arúgbó ni, ó rù, ó sì gbé ìgò oògùn inú rírun dání, tó ń mu ún ní ṣíbí-ṣíbí. Kò kí ẹnikẹ́ni púpọ̀. Ó ka owó, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.

“Ogójì pọ́n-ùn dín. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?”

Pruett kiwọ́ bọ àpò kakí rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde. “Èmi. Kì í kúrò lára mi.”

Kwamena yíjú sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Akoto wà lórí àga. Ìṣó kò sí mọ́. Wọ́n ti fi ẹfun dí ojú ihò náà, ẹfun náà kò sì tíì gbẹ.

“Sà,” ni Kwamena wí, “ìṣó kan wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀gá ti ń gbé láti ọdún mẹ́rin.”

“Ìṣó wo?” ni Pruett béèrè.

Hallam yíjú sí olórí akọ̀wé. “Ṣé ìṣó wà níbẹ̀?”

Ampiah wo ilẹ̀. Ẹfun wà létí èékánná rẹ̀. “Mi ò kíyè sí i, sà.”

Hallam dìde. Ó ti ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì rí ìlà tó tẹ̀ bí oṣù tuntun náà nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n dí. Wọ́n dí ihò, wọ́n gbàgbé ìlà. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó padà láti òpin dé ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi áńkáṣíìfù nu ìka rẹ̀, ó ní kí àwọn yòókù bọ́ síta.

“Ó ku ọdún kan kó o fẹ̀yìn tì,” ló sọ fún Kwamena. “Mi ò fẹ́ ọlọ́pàá. Máa san án díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù ẹ. Kò ní ba owó ìfẹ̀yìntì ẹ jẹ́.”

“Mi ò kó o, sà.”

“Mi ò sọ pé o kó o. Mo ní kó o san án.”

“Ẹni tó bá san án ló kó o. Mi ò san.”

“A jẹ́ pé ilé ẹjọ́ nìyẹn.”

“Ẹ gbé mi lọ. Gbogbo Amoakwa á wà níbẹ̀. Màá sọ̀rọ̀ ìṣó títí ilẹ̀ á fi ṣú.”

Hallam da oògùn sínú ṣíbí, ó gbé e mì, ó fajú ro. “Ìwọ ọkùnrin yìí,” ló wí, “o le. Mo fún ọ láyè di ọ̀la.”

Nírọ̀lẹ́, bí Kwamena ṣe ń já kẹ́ńkè sínú ata tí ẹja díndín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Maame Twumba wọlé. Àbúrò ìyá Ampiah ni, òun ni àgbà tó kù nínú ẹbí ìyá rẹ̀. Ó gbé nǹkan kan mọ́ àyà tó fi aṣọ dì.

“Ṣé ẹ máa gbé àga fún àgbà ni, àbí ìjọba ní kẹ́ ẹ má gbé àga fún ẹni tí ò mọ̀wé?”

Araba gbé àga wá. Ìyá náà jókòó, ó mí kanlẹ̀.

“Ogójì rè é. A ti fi ìlẹ̀kẹ̀ wúrà ẹ̀gbọ́n mi dógò, a fi àwọn aṣọ rẹ̀ lé e. Gbé e síbẹ̀ láàárọ̀, kí òyìnbó tún un kà, kí kálukú sinmi.”

“Kò lè ṣeé ṣe, Maame. Tí mo bá gbé e síbẹ̀, èmi ni mo jí i nìyẹn.”

“Ta ló pè ọ́ lólè?”

“Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn gan-an ló burú. Wọn ò ní sọ ọ́ lójú mi láéláé.”

“Kí lo wá ń fẹ́?”

“Kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Níwájú òyìnbó.”

“Wọ́n á tì í mọ́lé, Kwamena.”

“Èmi tí wọ́n fẹ́ẹ́ tì mọ́lé ń kọ́? Ta ló ń sunkún tèmi?”

Maame Twumba tẹjú mọ́ ọn. “Mo gbọ́ pé láti ọdún mẹ́rin lo ti bá ọmọ mi yodì nítorí ṣílè díẹ̀.”

“Kì í ṣe ṣílè díẹ̀.”

“Ìyá ẹ lo jọ. Ọdún mẹ́fà ni òun àtèmi ò fi bára wa sọ̀rọ̀ nítorí ìkòkò kan.”

“Ẹ̀yin lẹ fọ́ ìkòkò yẹn, Maame.”

“Ó ti là tẹ́lẹ̀!”

“Kò là. Ìyá mi sọ fún mi kó tó kú pé kò là.”

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín, Araba náà rẹ́rìn-ín, Kwamena nìkan ló ń wo ẹja rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ó dà bíi pé ó rẹ ìyá náà ju bó ṣe wọlé lọ. Ó di owó rẹ̀ padà.

“Màá ní kó sọ ọ́,” ló wí. “Ẹ̀gbọ́n mi ò ní sùn dáadáa nínú pósí tí ẹlòmíì lọ ṣẹ̀wọ̀n fún. Araba, bu ẹja díẹ̀ fún mi. Ebi ń pa mí.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ampiah gbé ìdì aṣọ náà sórí tábìlì níwájú Hallam. Pruett wà lójú fèrèsé, Kwamena wà lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn Ampiah kò gbọ̀n.

“Èmi ni mo kó o, sà. Nígbà tí akápò ń ṣàìsàn. Mo fi sin ìyá mi. Owó náà rè é.”

Láti ọdún mẹ́rin, òun ni ọ̀rọ̀ dáadáa àkọ́kọ́ tí Kwamena gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà.

Hallam kò fọwọ́ kan owó náà. “Kọ́kọ́rọ́ wo lo fi ṣí i?”

“Ti akápò tí wọ́n fún mi, sà. Àti èyí tó wà ní…” Ojú Ampiah lọ sí ògiri.

“Dúró,” ni Hallam wí. Ojú Pruett ti pọ́n bí akàn tí wọ́n bọ̀. Hallam wò ó, ó wo ìgò oògùn rẹ̀, ó wo Ampiah. “Kọ́kọ́rọ́ kan ni wọ́n fún ọ. Kọ́kọ́rọ́ kan ò lè ṣí àpótí yìí. Èkejì ò kúrò lára Ọ̀gbẹ́ni Pruett. Nítorí náà, o ò lè kó o.”

“Mo kó o, sà.”

“O ò kó o.”

“Sà! Mo ti fi ra pósí! Pósí ọ̀hún wà nínú ilẹ̀, ẹ lè lọ hú u!”

“Ọ̀fọ̀ ìyá ẹ ló ń dà ọ́ lórí rú,” ni Hallam wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. “Lọ mu omi.”

Ampiah yíjú sí Kwamena, ó la ẹnu, ó la ọwọ́. Kwamena náà kò mọ ohun tí èèyàn ń sọ fún ẹni tí wọ́n ní kó má jẹ̀bi. Hallam tú ìdì náà, ó kó owó náà sínú àpótí, ó kà á pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀ láìfo kọ́bọ̀ kan. Nínú àwọn òyìnbó, òun nìkan ló ka owó yẹn dáadáa láti ọdún mẹ́rin. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó pé.

“Orúkọ mi ń kọ́, sà?” ni Kwamena béèrè.

“Kí ló ṣe orúkọ ẹ?”

“Lánàá ẹ ní kí n máa san án.”

“Lánàá owó ò pé. Lónìí ó pé. Mi ò kọ nǹkan kan nípa ẹ, kò sí ohun tí màá pa rẹ́.” Ó gbé àpò rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà nítòsí Kwamena, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí Pruett má baà gbọ́. “Essilfie, ọ́fíìsì tí mo ti wọ̀ pọ̀. Kò sí èyí tí kò ní ìṣó tirẹ̀. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀.” Ó wọ lọ́rì rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí oòrùn dé àárín ọ̀run, Kwamena jókòó lábẹ́ igi àgbọn. Ampiah wá jókòó tì í.

“O gbọ́ mi, àbí? Mo sọ ọ́.”

“Mo gbọ́.”

“Wọn ò gbà á ni.”

“Mo rí i.”

“Ṣé o ti dárí jì mí?”

“Rárá. Ìwọ lo yọ ìṣó yẹn.”

“Mo mọ̀.” Ampiah ra kẹ́ńkè méjì, ó ti ọ̀kan sọ́dọ̀ Kwamena. Kwamena wò ó títí. Ó mú un. Ó wá kiwọ́ bọ àpò, ó mú owó jáde, ó san ti tirẹ̀ fún obìnrin náà. Wọ́n jẹun, àwọn méjèèjì ń wo òkun.

Lọ́jọ́ Ajé, ìṣó tuntun wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Akoto wà lórí rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ akoto, Pruett sì ń to ìwọ̀ rẹ̀ sínú agolo.

Kwamena dúró síbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ìbàdí rẹ̀. Ìdè náà ti le, ó pẹ́ kó tó tú u. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ kọ́ ẹ̀gbẹ́ ti òyìnbó.

“Essilfie, kí lo gbé síbẹ̀?”

“Kọ́kọ́rọ́ ni, sà.”

“Òfin sọ pé kó máa wà lára ẹ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àwa méjèèjì ló sọ bẹ́ẹ̀ fún.”

Pruett wò ó, ó wo ìṣó náà. Ọkọ̀ ojú omi ń dúró dè é ní ọ̀sà. Ó dé agolo rẹ̀, ó mú akoto, ó jáde lọ.

Kwamena lọ jókòó sí àyè rẹ̀. Okùn náà ti ha ìbàdí rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ibẹ̀ ń yún un, ó sì ń fi ọwọ́ ra á bí ẹni tó ń wá nǹkan. Afẹ́fẹ́ òkun fẹ́ ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ tí àwọn kọ́kọ́rọ́ méjèèjì ń lu ara wọn, kò sì dìde.